Orí Kan Tí Sùnmọ́nù Kò Gbọdọ̀ Fá

Láti Atakpamé títí dé Anié, orí ọkùnrin tí abẹ Sùnmọ́nù kò tíì kọjá lé kò pọ̀. Ẹni tó bá pe èyí ní àsọdùn, kó lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ọjà láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, kó wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń tò síwájú rẹ̀ kí wọ́n tó lọ kírun, tí ìlà wọn á gùn títí kan àwọn tó ń ta iṣu lápá ìsàlẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni, ọmọ onígbàjámọ̀ sì ni. Bàbá rẹ̀ ló gbé àpò abẹ láti Ìgbòho wá sí ilẹ̀ Tógò. Oṣù méjì ló fi ẹsẹ̀ rìn, ó ń fárí fún ọba, ó ń fárí fún olè lójú ọ̀nà, kò sì ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn sílẹ̀.

Sùnmọ́nù náà kò ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí, fún odidi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Nígbà kan, ó ń fárí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kan, ọmọ náà ń sùn, ni eṣinṣin bá bà sí i ní àtàrí. Sùnmọ́nù fá gbogbo orí yí eṣinṣin náà ká. Eṣinṣin kò fò, ọmọ kò jí. Ìyá ọmọ ọ̀hún ṣì wà láyé, ata ló ń tà ní Anié, kò sì jiyàn rẹ̀ rí.

Bó ṣe máa ń ṣe é ni pé á kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò òsì tẹ orí náà káàkiri, bí ẹni ń wá ibi tó rọ̀ lára ìbẹ́pẹ. Á mọ ibi tó ga, á mọ ibi tó tẹ̀, á mọ ibi tí egbò àtijọ́ wà. Lẹ́yìn náà ni á fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pa á, á pọ́n abẹ lára awọ lẹ́ẹ̀mẹfà, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́. Kò ní la ẹnu títí yóò fi dé iwájú orí. Oníbàárà tó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn ọjà, kó dúró kí wọ́n fá orí tán.

Òfin kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú àpò abẹ náà. Nínú ìdílé wọn, onígbàjámọ̀ kì í fá orí ọmọ tirẹ̀. Bí ìyàwó rẹ bá bímọ, ẹlòmíràn nínú àwọn oníṣẹ́ ni wàá pè lọ́jọ́ kẹjọ, òun náà ni yóò sì máa fá orí ọmọ náà títí láé. Sùnmọ́nù béèrè ìdí rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ bu omi wá. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nítorí náà, ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Àwẹ̀ní ìyàwó rẹ̀ bí fún un, Sùlèímọ́nù onígbàjámọ̀ tó wà ní Anié ló fárí gbogbo wọn. Obìnrin ni àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n ti wà nílé ọkọ. Ìdíríìsì ló gbẹ̀yìn, òun nìkan sì ni ọkùnrin. Bí irun rẹ̀ bá ti kún, á wọ ọkọ̀ lọ sí Anié, á lọ jókòó fún Sùlèímọ́nù, nígbà tí bàbá rẹ̀ ń fá orí ìdajì ìlú nínú ìsọ̀.

Ìdíríìsì yìí ló wá gba iṣẹ́ ológun.

Ó ti yege ìdánwò bákì, àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama, láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ó ti fi alùpùpù gbé èrò, ó ti kọ́ àwọn ọmọ aládùúgbò ní ìṣirò, ó sì ti kọ lẹ́tà wá iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí akọ̀wé tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fi mọ orúkọ rẹ̀ ju orúkọ ọmọ tirẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n kéde pé àwọn ológun ń gba ènìyàn, ó forúkọ sílẹ̀, ó sá eré tí wọ́n ní kó sá, ó ṣe ìdánwò wọn. Ìyá rẹ̀ nìkan ló sọ fún. Ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ jáde lórí fóònù ló tó ta sí bàbá rẹ̀ létí.

Sùnmọ́nù ń fárí oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà náà. Ó fá a tán, ó nu abẹ, ó ní ó dáa. Kò sọ pé kí ọmọ náà má lọ, kò sì sọ pé kó lọ. Àga kejì wà nínú ìsọ̀ yẹn, àga tuntun ẹlẹ́yìn pupa tó rà wá láti Lomé, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó rà á fún. Lọ́jọ́ náà, ó sún un mọ́ ògiri lẹ́yìn, ó gbé páálí ọṣẹ lé e lórí.

Àwẹ̀ní ní tirẹ̀ fẹ́ kí ọmọ náà lọ. Ẹja yíyan láti adágún Nangbéto ló ń tà, òun ló sì fi rán an nílé ìwé títí dé ìparí. Ó ti sú u láti máa rí ọmọ tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ kó máa jókòó sẹ́yìn ilé lọ́sàn-án gangan. Kò sunkún. Ọjà ló ń ná. Ìwé ìpè ní kí wọ́n mú korobá kan dání, ó ra méjì, ó ki ọ̀kan sínú èkejì. Ìwé ní síńgílẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́ta, ó ra mẹ́fà, ó fi òwú pupa rán àmì sí ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ọmọ olè kankan má baà gbé e wọ̀. Ọṣẹ tó dì sínú àpò náà, gbogbo ọmọ ogun ilẹ̀ Tógò ì bá fi wẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì ṣẹ́kù èyí tí wọn yóò fi fọ ìbọ̀sẹ̀.

Nǹkan kan tún wà nínú ìwé náà. Wọ́n ní kí oníkálukú fá orí rẹ̀ kodoro wá. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni bọ́ọ̀sì yóò kó wọn ní pápá kan nínú ìlú, yóò kó wọn lọ sí ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lápá àríwá.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ìdíríìsì wọ bàtà láti lọ sí Anié. Sùnmọ́nù ní kó jókòó.

"Bàbá, Anié ńkọ́?"

"Anié jìnnà."

Anié tí òun fúnra rẹ̀ máa ń lọ lọ́jọ́ ọjà, tó sì ń padà wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán nílé. Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wo ọkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó dárúkọ òfin. Ìdíríìsì bọ́ ẹ̀wù, ó jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá.

Ohun tó wà lọ́kàn Sùnmọ́nù kò lọ́jú pọ̀. Ó ti gbọ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fá orí níbẹ̀, pé sójà kan á di ọmọ lọ́rùn mú, á sì gé irun rẹ̀ bí ẹni ń gé koríko. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni ọmọ náà, òun kò sì fi ọwọ́ iṣẹ́ kan orí rẹ̀ rí, bí òun kò bá sì fá a lónìí, òun lè má rí i fá mọ́ láé. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Orí náà yà á lẹ́nu. Òkè kékeré kan wà lẹ́yìn etí ọ̀tún, ibì kan sì tẹ̀ wọnú díẹ̀ lápá àtàrí. Láti ọjọ́ kẹjọ ọmọ yìí ni Sùlèímọ́nù ti mọ̀ wọ́n. Òun bàbá kò mọ̀.

Ó fá a láti ìpàkọ́ bọ̀. Ó rọra fá a. Ó rọra tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn fi kúrò lórí òrùlé ilé ìdáná tó bọ́ sára ògiri kejì. Àwẹ̀ní ká síńgílẹ́ẹ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán, ó tú wọn, ó tún wọn ká. Abẹ ń lọ, abẹ ń bọ̀.

Ìdíríìsì ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀kẹta tí ẹ ń fá ibẹ̀ nìyí."

Òótọ́ ló sọ. Kò sí fọ́nrán irun kan níbẹ̀ mọ́. Sùnmọ́nù gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ sì yí. Ìlà kan là lẹ́yìn etí ọ̀tún, lórí òkè kékeré yẹn gan-an, ó gùn tó oríkèé ìka kan. Ó kọ́kọ́ funfun. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ dé, ó sì ṣàn dé ọrùn.

Wọ́n fi álọ́ọ̀mù dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, wọ́n sì lẹ pílásítà funfun mọ́ ọn. Lórí orí dúdú tó ń dán bẹ́ẹ̀, ènìyàn tó wà ní òdìkejì òkè lè rí pílásítà náà láìlo awò. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Sùnmọ́nù ti fa ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, kó sọ pé ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló forí gbá. Àpọ̀kẹ́ aláṣọ ti pè é láti wá fá orí ọmọ-ọmọ rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Àìkú. Ta ni yóò gbé ọmọ jòjòló síwájú ẹni tó fi abẹ ya ọmọ tirẹ̀? Ìdíríìsì ní kò burú, òun á sọ bẹ́ẹ̀.

Ìsọ̀ Sùnmọ́nù kò ṣí lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọjà yẹn. Àwọn ọkùnrin tò, wọ́n dúró, wọ́n sì tú ká pẹ̀lú irun lórí. Ẹni tí kò tú ká ni Isidore, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ifẹ̀ ti ilẹ̀ Tógò, tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Sùnmọ́nù. Èdè Ifẹ̀ rẹ̀ ló máa ń sọ, Sùnmọ́nù á fi Yorùbá dá a lóhùn, ọgbọ̀n ọdún rèé tí wọ́n ti ń fi bẹ́ẹ̀ bú ara wọn láìsí ìjà. Roméo, ọmọ-ọmọ rẹ̀, náà wà lára àwọn tó ń lọ sí ibùdó, òun ló sì mú wá kí wọ́n fárí fún. Nígbà tó bá ìsọ̀ ní títì, ó mú un wá sílé.

Sùnmọ́nù ní ọrùn ọwọ́ ń dun òun, òun kò lè di abẹ mú. Pílásítà orí Ìdíríìsì ni Isidore ń wò. Wọ́n ní ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló ṣe é. Ó ṣí i díẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó tún un lẹ̀.

Ó ní, "Sùnmọ́nù, ilẹ̀kùn yín yìí mú o. Ẹ yá wa, ká fi bẹ iṣu."

Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní lásìkò tiwọn, ẹni tó bá dé pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ tuntun, wọ́n á ní ìjà ló jà, wọ́n á dá a padà sílé, ó di ọdún mìíràn kó tó tún rí ojú wọn. Ó ní bóyá wọ́n ti yí i padà, òun kò mọ̀. Ó sì mú Roméo lọ pẹ̀lú irun rẹ̀, ó ní òun kò ní gbé orí ọmọ òun fún onígbàjámọ̀ mìíràn, kí àwọn tó pè é lọ fá a.

Àwẹ̀ní wà nídìí ẹja rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gbé oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀, ó bò ó, ó lọ. Ó gbé ti alẹ́ sílẹ̀, ó bò ó. Ibi tó ti ń yí padà lẹ́nu ọ̀nà ló ti sọ gbólóhùn kan ṣoṣo.

"Àga pupa yẹn ti rí ẹni tó máa jókòó lé e."

Sùnmọ́nù kò jẹun náà. Ohun tó ń dà á láàmú kọjá ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ sọ. Nígbà tí Isidore ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó yẹ kí àyà rẹ̀ já, kò sì já. Dípò bẹ́ẹ̀, ó bá ayọ̀ kékeré kan nínú ara rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ṣí yàrá tó ti tì, tó bá àlejò tó jókòó síbẹ̀. Ó kírun, ayọ̀ náà kò lọ. Ó ka tẹ̀súbáà tó bẹ́ẹ̀ tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ fi gbóná, ó ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pápá. Wọ́n ta okùn kan, àwọn òbí dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ tò síwájú pẹ̀lú korobá wọn. Bọ́ọ̀sì méjì dúró, ẹ́ńjìnnì wọn ń ṣiṣẹ́. Sájẹ́ǹtì kan tí kò ga, tó fi ìwé há abíyá, ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú, ó ń wo eyín, ó ń wo orí. Ó dé ọ̀dọ̀ Roméo, ó rí irun, ó mi orí, ó kọjá. Ó dé ọ̀dọ̀ Ìdíríìsì. Ó já pílásítà náà kúrò.

Èdè Ewe ló fi bi í léèrè, èyí tí gbogbo ọjà Atakpamé gbọ́. Ìdíríìsì ní ilẹ̀kùn ni.

Sájẹ́ǹtì náà ní, "Ilẹ̀kùn kì í ya ènìyàn ní ìlà tó tọ́ báyìí. Abẹ nìyí. Ta lo bá jà?"

Ìdíríìsì tún ní ilẹ̀kùn ni. Sájẹ́ǹtì náà kọ nǹkan sínú ìwé, ó ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ náà gbé korobá rẹ̀ méjèèjì, ó lọ dá dúró lábẹ́ igi, kò sì wo apá ibi tí àwọn òbí rẹ̀ wà.

Sùnmọ́nù rí i. Kó sáà dákẹ́ ni, kó má ṣe ohunkóhun. Kó tó di ọ̀sán, wọn yóò ti dé ilé, korobá yóò di ti ilé ìdáná, ọ̀rá yóò kúrò lára àga. Kò sí ẹni tí yóò lè sọ pé òun ló dá ọmọ náà dúró, sájẹ́ǹtì ló dá a dúró. Àpọ̀kẹ́ aláṣọ wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì sí i, ó wá sin ọmọ àbúrò rẹ̀. Àwẹ̀ní kò wo ọkọ rẹ̀ rárá. Ọmọ tó wà lábẹ́ igi ló ń wò, ó sì di ìdí ìró rẹ̀ mú bí ẹni tí ìró fẹ́ já bọ́ lára rẹ̀.

Sùnmọ́nù gbé okùn náà sókè, ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ó fi Ewe sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì ròkè. "Èmi ni mo ya á. Bàbá rẹ̀ ni mí, onígbàjámọ̀ sì ni mí. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi ni mo ní kó parọ́ ilẹ̀kùn."

Sájẹ́ǹtì náà wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní kò sí bàbá tí kò lè sọ bẹ́ẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè lọ. Ó ní bó bá jẹ́ onígbàjámọ̀ lóòótọ́, ẹnì kan rèé tó wá pẹ̀lú irun. Ó na ọwọ́ sí Roméo.

Àpò abẹ kì í kúrò léjìká Sùnmọ́nù, kódà ó ń gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí. Wọ́n dojú korobá kan dé kí Roméo jókòó lé e, wọ́n bu omi sínú èkejì, ọṣẹ tí Àwẹ̀ní dì ni wọ́n sì lò. Sùnmọ́nù fi àtàǹpàkò tẹ orí náà, ó pọ́n abẹ lẹ́ẹ̀mẹfà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́. Bọ́ọ̀sì ń kùn, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, àwọn òbí ti ti okùn dé àárín pápá, sójà mẹ́ta dúró lé Sùnmọ́nù lórí. Kí ènìyàn tó ka Fátíhà lẹ́ẹ̀meje, orí Roméo ti ń dán bí àwo tánganran. Sájẹ́ǹtì náà yọ áńkáṣíìfù funfun, ó fi nù ún láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó gbé e sókè sí oòrùn. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan lára rẹ̀, kódà kò sí èyí tó tó orí abẹ́rẹ́. Isidore pàtẹ́wọ́ bíi pé òun ló fá a.

Sájẹ́ǹtì náà ní kí Ìdíríìsì padà sórí ìlà.

Nígbà tí wọ́n ń wọ ọkọ̀, ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú àpò léjìká, àyè kò sí fún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sùnmọ́nù fẹ́ gbé ọwọ́ lé e lórí. Èjìká ló wá gbé e lé. Àwẹ̀ní pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kó máa wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Bọ́ọ̀sì lọ, eruku dìde, eruku sì jókòó.

Àpọ̀kẹ́ aláṣọ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó kí wọn kú àṣeyè, ó ní òun yóò ránṣẹ́ nípa ti ọjọ́ Àìkú. Kò sọ irú iṣẹ́ tí òun yóò rán.

Tọkọtaya náà dúró lẹ́bàá títì. Alùpùpù kan dúró fún wọn, Àwẹ̀ní fi ọwọ́ ní kó máa lọ.

Ó ní, "Orí Roméo kò ṣẹ̀jẹ̀."

"Kò ṣẹ̀jẹ̀."

"Ọmọ ẹlòmíràn ni. Ariwo ń lọ, sójà dúró tì yín, ọwọ́ yín kò gbọ̀n. Lọ́jọ́bọ̀, nínú àgbàlá tí kò sí ariwo kankan, ó yí." Ó wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná. "Bàbá Ìdíríìsì, ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

Láti Ọjọ́bọ̀ ni Sùnmọ́nù ti ní èsì tó ti múra sílẹ̀ fún ìbéèrè yìí. Rárá ni èsì náà, ó sì ti fi búra nínú ọkàn rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ó la ẹnu, kò rí i lò.

"N kò mọ̀, Àwẹ̀ní."

Alùpùpù mìíràn kọjá. Àwẹ̀ní kò dá a dúró.

"Ká ní rárá ni ẹ sọ, n kì bá tí gbà yín gbọ́."

Ó dá ẹ̀kẹta dúró. Ó sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún ẹni tó gùn ún, ó ní kí ọkọ òun kọ́kọ́ jókòó, òun náà sì gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sílé wọn ga, alùpùpù náà sì ń ráhùn lábẹ́ àwọn méjèèjì títí wọ́n fi dé òkè.